Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè ṣe sí èlò ìsebẹ̀ Gíríìsì mi tó ń dì sínú ìgò?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àǹtí wa tẹ́ ẹ mọ ọbẹ̀ sè. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà. Mo máa ń fúnra mi po èlò gbígbẹ irú tàwọn ará Gíríìsì, ewé olóòórùn dídùn tí wọ́n ń pè ní oregano àti táìmù, gálíìkì àti àlùbọ́sà lílọ̀, ata dúdú, iyọ̀, pẹ̀lú èèpo lẹ́mọ́ọ̀nù tí mo rin tí mo sì sá gbẹ. Màá fi òróró ólífì pò ó, màá fi ra adìyẹ lára kí n tó yan án, ó dùn gan-an ni!

Nígbà ọyẹ́ kò síṣòro, àmọ́ látìgbà tójò ti dé, kò ní pẹ́ nínú ìgò tí á fi dì gbagidi, àfi kí n máa fi ṣíbí gún un. Mo ti fi ìrẹsì gbígbẹ sísàlẹ̀ ìgò, mo ti yan iyọ̀ gbẹ lórí iná kí n tó pò ó, ibi pẹlẹbẹ náà ló ń fi lélẹ̀. Èèpo lẹ́mọ́ọ̀nù yẹn ni mo fura sí torí tí mo bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ó ṣì máa ń rọ̀ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ oòrùn ò sí, iná ò sì dúró tí màá fi lo ófùn. Mi ò fẹ́ yọ ọ́ kúrò o, òun ló ń gbé adùn ẹ̀ jáde.

Báwo ni mo ṣe lè yan èèpo lẹ́mọ́ọ̀nù yìí gbẹ pátápátá lórí gáàsì láìjẹ́ pé ó jó tàbí kó korò?