Kí ló dé tí ariwo fi ń pọ̀ sí i bí mo bá yọ ìdílọ́wọ́ fóònù méjì kúrò?

Akẹ́kọ̀ọ́ Àkúrẹ́:
Ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ yìí, mo kí yín o. Mo ń fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan tí ó ní áńtẹ́nà méjì, tí fóònù méjì ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ní àkókò kan náà lórí ìgbì kan náà. Ọ̀nà zero-forcing, ìṣirò tí ń yọ ìdílọ́wọ́ tí ọ̀rọ̀ fóònù kan ń ṣe fún ti èkejì kúrò pátápátá, ni mo fi ń ya ọ̀rọ̀ wọn sọ́tọ̀. Bí fóònù kan bá wà ní Ọjà Ọba, tí èkejì wà ní Alágbàká, iṣẹ́ náà a máa já geere. Ṣùgbọ́n bí mo bá kó àwọn méjèèjì sí ìsọ̀ kan náà nínú ọjà, àṣìṣe a pọ̀ débi pé ohun tí mo gbà kò wúlò mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ìṣirò ń sọ pé kò sí ìdílọ́wọ́ kankan tí ó ṣẹ́ kù. Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni mo ti ṣì í?

Onímọ̀ Ìgbì:
Àbúrò mi, o kò ṣì í. Bí zero-forcing ti máa ń ṣe nìyẹn. Jẹ́ kí á sọ pé áńtẹ́nà kìíní gbọ́ fóònù méjèèjì ní ìwọ̀n 1 àti 1, tí áńtẹ́nà kejì sì gbọ́ wọn ní 1 àti 0.9. Bí o bá yọ ohun tí áńtẹ́nà kan gbà kúrò nínú ti èkejì, 0.1 péré ni yóò kù lára ọ̀rọ̀ fóònù kejì, nítorí náà o ní láti sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá, ariwo áńtẹ́nà méjèèjì yóò sì bá a wú. Tí a bá wo agbára, ariwo ti fóònù kejì di ìlọ́po 200, ti fóònù kìíní di ìlọ́po 181. Lo ọ̀nà MMSE (minimum mean square error) dípò rẹ̀: ó máa ń ro ìwọ̀n ariwo mọ́ ìṣirò náà, ó sì ń fi díẹ̀ nínú ìdílọ́wọ́ sílẹ̀ kí ariwo má baà gbilẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n láti Oǹdó:
Mo fara mọ́ èyí, àmọ́ ohun kan wà tí ó ká mi lára. Àwọn ọ̀nà méjèèjì yìí ń wo ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn bí ìdọ̀tí tí a gbọ́dọ̀ gbá dànù, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ènìyàn ni, ó ní ètò tí ariwo lásán kò ní. Ní ọdún 1986, Sergio Verdú, onímọ̀ nípa ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́, fi hàn bí a ṣe lè gbé ọ̀rọ̀ gbogbo wọn yẹ̀ wò pọ̀, èyí tí kò sí ọ̀nà tí ó dára jù ú lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ wúwo: bí ènìyàn 10 bá ń fi 0 tàbí 1 ránṣẹ́, àkànpọ̀ 1,024 ni, bí wọ́n bá di 20, ó ti ju mílíọ̀nù kan lọ. Nítorí èyí ni a ṣe ń ka ẹni tí ohùn rẹ̀ lágbára jù lọ ná, tí a tún àmì rẹ̀ dá, tí a yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí a gbà, kí a tó ka ẹni tí ó kàn. Bí a bá ṣi ẹni àkọ́kọ́ kà, ìdílọ́wọ́ rẹ̀ lórí ẹni kejì yóò di ìlọ́po méjì dípò kí ó kúrò. Ìwọ fóònù méjì péré ni o ní, àkànpọ̀ mẹ́rin. Ṣe ti Verdú kí o lè mọ ibi tí àwọn yòókù kò lè kọjá.

Òṣìṣẹ́ Òpó:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Kíka ẹni tí ó lágbára ná nílò kí agbára wọn yàtọ̀ dáadáa, ti ìsọ̀ kan náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ní ibi iṣẹ́, irú fóònù méjì bẹ́ẹ̀ ni a kì í pa pọ̀ rárá: òpó yóò so ọ̀kan nínú fóònù ìsọ̀ náà pọ̀ mọ́ fóònù tí ó wà ní ibi tí ó jìnnà, bíi Alágbàká, yóò sì fún èkejì ti ìsọ̀ náà ní àkókò mìíràn. Akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fi ètò ìpín àkókò yìí kún àfarawé yín, kí ẹ sì fi iye ọ̀rọ̀ tí ó dé láìní àṣìṣe wé ti MMSE.