Géèmù sọ́ḿbì wo ló dára fún ẹni mẹ́rin, báwo lẹ sì ṣe ń dí ilé? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àdùkẹ́_Ẹ̀gbá:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ. Àwa mẹ́rin la jọ ń gbá géèmù lálẹ́ Sátidé. Èmi wà l'Abẹ́òkúta, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní Manchester, ọmọ àbúrò ìyá mi kan wà ní Houston, èkejì wà n'Ìbàdàn. Géèmù sọ́ḿbì, àwọn òkú tó ń rìn tó sì ń gé èèyàn jẹ, la fẹ́ràn jù, àmọ́ oṣù méjì rèé tí a kò tíì la òru kan já. Bákan náà la sì máa ń kú. A ó sá wọ inú ilé, kálukú á gba ìdí fèrèsé kan lọ, ẹnì kan á dìde lọ wá ọta láìsọ fẹ́nikẹ́ni, ibi tó fi sílẹ̀ ni wọ́n á gbà wọlé. Ariwo ló kù, lẹ́yìn ìyẹn kálukú á pa kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi àti ti Houston kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó dùn mí gan-an, torí géèmù yìí ló kù tó ń kó wa jọ láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò nílé.

Ẹ jọ̀ọ́, èwo la lè gbá tó jẹ́ pé dídí ilẹ̀kùn àti fèrèsé ṣe pàtàkì nínú rẹ̀? Báwo lẹ ṣe ń pín iṣẹ́? Láptọ́ọ̀pù tèmi àti ti Ìbàdàn kò lágbára púpọ̀, ẹ sì mọ bí iná wa ṣe rí.

Káfíńtà_Òru:
Àdùkẹ́, ẹ kú ilé. Project Zomboid ni kí ẹ gbà. Àwọn The Indie Stone ló ṣe é. Ó ti wà lórí Steam, ibi tí wọ́n ti ń ta géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti 2013, ṣùgbọ́n ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Build 41, tó jáde ní December 2021, ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn lè jọ gbá a dáadáa. Ìpínlẹ̀ Kentucky l'Amẹ́ríkà ló ti ń ṣẹlẹ̀, lọ́dún 1993. Láti òkè lẹ ó ti máa wò ó, bí ẹni tó dúró lórí òrùlé, nítorí náà kì í ni láptọ́ọ̀pù lára tó àwọn géèmù tuntun.

Iṣẹ́ káfíńtà gidi ló wà nínú rẹ̀. Pákó kọ̀ọ̀kan ń gba ìṣó méjì, òòlù sì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń kàn án. Ojú fèrèsé kan ń gba pákó mẹ́rin nínú, mẹ́rin lóde. Ẹ jẹ́ ká ní ilé tí ẹ yàn ní fèrèsé mẹ́fà nísàlẹ̀, tí ẹ sì fẹ́ kan inú nìkan: pákó 24 àti ìṣó 48 nìyẹn. Ìtì igi kan, tí ẹ bá fi ayùn là á, pákó mẹ́ta ló ń fún yín, ẹ nílò ìtì mẹ́jọ. Mo ń ṣírò rẹ̀ báyìí nítorí pé ohun tó ń pa àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni pé ìṣó á tán nígbà tó bá ku fèrèsé kan. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ̀ ọ́, fèrèsé kan yẹn sì ni ẹnu ògiri.

Ariwo òòlù ń pè wọ́n. Ẹ má kan pákó kankan kí ẹ tó pa àwọn tó wà ládùúgbò, ẹ sì má ṣe é lálẹ́. Ẹnì kan ń kàn, ẹnì kan ń gbé pákó bọ̀, àwọn méjì yòókù á dúró ní igun ilé tó dojú kọra, kí ojú wọn lè ká ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Káfíńtà kì í bojú wẹ̀yìn. Tó bá ti ń bojú wẹ̀yìn, àwọn tó ń ṣọ́ ọ kò ṣe iṣẹ́ wọn nìyẹn.

Kí ẹ tó kan pákó àkọ́kọ́ pàápàá, ẹ so okùn aṣọ ibùsùn mọ́ fèrèsé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kò sí pákó tí wọn kò ní fọ́ tí wọ́n bá pọ̀. Ó kàn máa ń dá wọn dúró fún ìgbà díẹ̀ ni, okùn yẹn lẹ ó sì fi sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí wọ́n bá wọlé.

Ṣadé_Peckham:
Òótọ́ lọ̀rọ̀ Káfíńtà, ṣùgbọ́n ó ku ibì kan. Nínú géèmù yẹn, tí sọ́ḿbì bá fi èékánná ha yín lára, ìdá 7 nínú 100 ni pé ẹ ó kó àrùn wọn. Tó bá ya yín lára, ìdá 25. Tó bá gé yín jẹ, ó parí.

Ọ̀kan nínú wa ni wọ́n gé jẹ lápá nígbà tí a lọ kó oúnjẹ. Ó fi aṣọ wé e, kò sọ. A padà sílé, a kan gbogbo fèrèsé nínú lóde, a tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀dì dí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ààrin òru ló kú, ó sì dìde láàrin wa. Gbogbo pákó tí a kàn kí wọ́n má bàa wọlé, òun náà ni kò jẹ́ ká ríbi jáde. Nígbà tí a bi í léèrè, ó ní òun rò pé a máa lé òun jáde. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ikú lọ, torí mo rántí pé lóòótọ́, bí a ṣe máa ń pariwo mọ́ ara wa kò lè jẹ́ kí èèyàn sọ òótọ́.

Láti ọjọ́ náà, òfin wa ni pé ẹni tí wọ́n bá gé jẹ gbọ́dọ̀ sọ lójú ẹsẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bá a wí. Òun la ó gbé ọkọ̀ fún. Á wa ọkọ̀ jìnnà sílé, á máa fọn fèrè rẹ̀, gbogbo sọ́ḿbì á tẹ̀ lé e, àwa á sì rí àyè tún ilé ṣe. Ẹni tó kú á tún padà wọ inú géèmù gẹ́gẹ́ bí ẹlòmíràn, a ó sì lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà. Ìbágbépọ̀ wa yí padà pátápátá.

Kọnkéré_Òṣogbo:
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí Káfíńtà má bínú. Èmi kì í di ilé pa. 7 Days to Die ni mò ń gbá, ti àwọn The Fun Pimps, tó bẹ̀rẹ̀ ní December 2013, tí wọ́n sì gbé 1.0, ẹ̀dà rẹ̀ tó pé, jáde ní July 2024. Ní gbogbo ọjọ́ keje, òṣùpá á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, wọ́n á sì bo yín láti aago 22:00 títí di 04:00 inú géèmù. Tí ẹ kò bá yí ètò rẹ̀ padà, wákàtí kan ni odindi ọjọ́ kan níbẹ̀, òru náà kò ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Ìṣẹ́jú 15 yẹn gùn!

Sọ́ḿbì inú géèmù yìí máa ń wá ọ̀nà tó rọrùn jù dé ọ̀dọ̀ yín. Bí ẹ bá di ibi gbogbo pa, ibi tó rọ̀ jù lára ògiri ni wọ́n á máa jẹ. Ibi tí ẹ kò fọkàn sí gan-an ni. Tí wọ́n bá sì jẹ òpó, òrùlé á wó lé yín lórí, torí gbogbo ohun tí ẹ bá kọ́ ló ń gbára lé ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, àwa fúnra wa la ń la ògiri lẹ́nu, tí a ó sì jókòó ti ẹnu náà. Ọ̀nà kan ṣoṣo, tóóró, tí a fi igi ẹlẹ́nu ṣóńṣó tò lọ tò bọ̀. Ẹni méjì ń yìnbọn láti iwájú, ẹnì kan wà lẹ́yìn wọn tó ń tún ohun tó bà jẹ́ ṣe, ẹnì kẹrin kọjú sí ẹ̀yìn nítorí àwọn ẹyẹ igún, tí kì í bá ọ̀nà wa rìn.

Ó ku ọ̀kan. Ẹ ó rí sọ́ḿbì kan tí iná ń tàn láyà rẹ̀. Ẹ má yìnbọn sí i láyà, orí ni kí ẹ fojú sùn. Iná yẹn ló ń mú un bú gbàù, ògiri kọnkéré tí ẹ fi ọjọ́ mẹ́fà ṣe á sì bá a lọ.

Ṣùgbọ́n géèmù yìí wúwo. Láptọ́ọ̀pù méjèèjì tí ẹ sọ yẹn kò ní gbé e.

Káfíńtà_Òru:
Kò sí ìbínú, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà fún ibi tí sọ́ḿbì ti ń wá ọ̀nà. Ní Kentucky ibi tí mo wà, ariwo àti ohun tójú rí ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Tí wọn kò bá rí yín, tí wọn kò gbọ́ yín, wọ́n á kọjá lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń di gbogbo ẹ̀.

Ajórin_Mushin:
Bó bá jẹ́ pé wákàtí kan péré lẹ ní lálẹ́ Sátidé, Killing Floor 2 dára, ti Tripwire, 2016. Ẹni mẹ́fà lè wọ̀ ọ́. Ìkọlù mẹ́rin, méje tàbí mẹ́wàá lẹ ó yàn, lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀gá wọn á jáde. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jó irin wà lọ́wọ́ gbogbo yín, ẹ sì lè fi jó ilẹ̀kùn pa. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun rèé, torí náà inú mi máa ń dùn síbẹ̀!

Ẹ jó ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ẹ fi tiwájú sílẹ̀, kí wọ́n lè máa wá láti ibi kan. Ẹni tó ń wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sàn kò gbọ́dọ̀ wà níwájú. Owó tí ẹ bá rí, ẹ jù ú fún ẹni tí kò ní ìbọn gidi. Mo ti rí ẹgbẹ́ tí ẹnì kan lówó bí ọba, tí ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ń fi ìbọn ìléwọ́ jà.

Ìṣó_Mẹ́ta:
Mo fẹ́ kí ẹ tún mọ Zombie Survival, géèmù kan tí wọ́n ń gbá nínú géèmù mìíràn tó ń jẹ́ Garry's Mod. Ẹ̀ka ẹgbẹ́ méjì ló ní, èèyàn gidi ló sì ń darí sọ́ḿbì. Ẹ ó fi òòlù àti ìṣó kan àga, tábìlì àti kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni tó bá kú nínú yín á di sọ́ḿbì, ó sì mọ ibi tí ìdènà yín ti rọ̀, torí ó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń kàn án. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ pé ẹni tó ń fi òòlù tún ìdènà ṣe ló yẹ ká dáàbò bò ju ẹni tó ní ìbọn ńlá lọ. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń parí ìjà, ẹ má tíì lọ síbẹ̀.

Okùn_Abẹ́_Òkun:
Gbogbo èèyàn ti sọ̀rọ̀ géèmù, kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín ní Manchester gbé sáfà náà kalẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí gbogbo yín á so mọ́ láti jọ gbá géèmù. Okùn abẹ́ òkun tó wọ Èkó láti Yúróòpù ló ń gbé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ wa lọ: Glo-1 wá láti Bude ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, MainOne wá láti ilẹ̀ Pọtogí. Tó bá jẹ́ Houston ló ń gbé e, ẹ̀yin méjì tí ẹ wà nílé á kọ́kọ́ dé Yúróòpù, ẹ ó tún sọdá Àtìláńtíìkì. Sọ́ḿbì á ti gé yín jẹ kí ẹ tó rí i.

Ní ti iná, nínú Project Zomboid, ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá já á pòórá pẹ̀lú gbogbo ẹrù tó wà lára rẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó pé ìṣó 48 wà nínú àpò Àdùkẹ́ nígbà tí wọ́n mú iná lọ! Ẹ kó òòlù, ìṣó àti oògùn sínú àpótí kan nínú ilé, kí gbogbo yín mọ̀ ọ́n. Ohun tí ẹ fẹ́ lò nísinsìnyí nìkan ni kó wà lára yín.

Ṣadé_Peckham:
Bẹ́ẹ̀ ni! Tí ẹ bá sì rí jẹnẹrétọ̀ nínú géèmù náà, ìta ni kí ẹ gbé e sí. Èéfín rẹ̀ ń pa èèyàn nínú ilé, bó ṣe ń pa èèyàn lọ́dọ̀ wa. Ariwo rẹ̀ náà ń pè wọ́n.

Àdùkẹ́_Ẹ̀gbá:
Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ kú làálàá. Project Zomboid la mú. Ẹ̀gbọ́n mi gbé sáfà, aago mẹ́sàn-án alẹ́ níbí la bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀sán lè wà ní Houston. Ìlú Rosewood la bọ́ sí. Ti Ìbàdàn ló di káfíńtà, èmi ń gbé pákó, àwọn méjì tó ń jà ni mo ní kí wọ́n dúró sí igun ilé tó dojú kọra. Ó di dandan kí wọ́n máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, torí ohun tí ẹnì kan ń rí, èkejì kò lè rí i. Mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi sọ pé "àbúrò, mẹ́ta ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ lápá òsì, mo ń bọ̀." Mi ò dá sí i. Mo kàn ń gbé pákó mi.

A lo òru mẹ́rin! Lọ́jọ́ karùn-ún, wọ́n gé ti Houston jẹ léjìká. Ó sọ lójú ẹsẹ̀, ohùn rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ fún un. A gbọ́ fèrè ọkọ̀ náà títí tí kò fi dún mọ́.

Fèrèsé ilé ìdáná ṣì ku pákó méjì, ìṣó wa sì ti tán pátápátá. Káfíńtà_Òru, ibo ni èèyàn ti ń rí ìṣó púpọ̀ ní Rosewood?

Káfíńtà_Òru:
Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ wo inú gáréèjì àti ilé kékeré tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí lẹ́yìn ilé. Ẹ má lọ lẹ́nì kan. Ẹ lọ ní méjì, kí ẹni kẹta dúró ti fèrèsé ilé ìdáná yẹn títí ẹ ó fi dé.