Àdúrà kí bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ tó bẹ̀rẹ̀: ẹ sọ tiyín, kí lojú yín ti rí?

Ìyá Gólì:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tèmi, mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ yìí ní gbangba torí ó ti ń dùn mí nínú tipẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin ló ń ṣọ́lé fún tíìmù àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún mẹ́rìnlá. Mùsùlùmí ni wá. Kóòṣì wọn èèyàn dáadáa ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó ń tọ́jú àwọn ọmọ yẹn bí ẹni pé òun ló bí wọn, àmọ́ kí wọ́n tó wọ pápá á ní kí gbogbo wọn di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n á dúró róbótó, á wá gbàdúrà lórúkọ Jésù, àwọn ọmọ á sì fi "Àmín!" gbè é lẹ́sẹ̀. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé ìgbà tí wọ́n bá ti ń kóra jọ ni okùn bàtà ọmọ mi máa ń tú. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á tú u, á dì í, á tún tú u, títí wọ́n á fi ṣe àmín ìkẹyìn. Bẹ́ẹ̀ ojú mi ló ṣe di okùn yẹn pinpin kó tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò.

Lọ́jọ́ kan wọ́n gbá bọ́ọ̀lù mẹ́ta sínú ilé wọn, wọ́n pàdánù. Ọmọ kan nínú tíìmù ẹ̀ wá sọ fún un pé, "Ìwọ lo fà á, torí pé o kì í bá wa ṣe àmín ni Ọlọ́run ò ṣe gbọ́ tiwa." Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún o! Kò sunkún, kò bá a jà. Ìgbà tá a ń lọ sílé ló bi mí pé, "Mọ́mì, tí mo bá ṣe àmín yẹn, ṣé Ọlọ́run á bínú sí mi?" Ẹnu mi wúwo.

Mo lọ bá kóòṣì. Mo ní "Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ o, Ọlọ́run á san yín lẹ́san." A kíra dáadáa, mo wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún wọn. Wọ́n ní, "Ẹ má bínú mà, mi ò fipá mú ẹnikẹ́ni o, ẹni tí ò bá fẹ́ lè dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́." Dídúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn gan-an lẹ̀dùn ọkàn mi! Ọmọ wo ló máa fẹ́ dá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ níwájú ẹni tó máa mú àwọn mọ́kànlá tó máa wọlé? Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin kóòṣì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbá bọ́ọ̀lù lọ́mọdé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ tiyín.

Kóòṣì Àwọn Kékeré:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ mà, ẹ sì kú ìfaradà. Kóòṣì lèmi náà, Kìrìsìtẹ́nì sì ni mí, mi ò lè jáde nílé láì gbàdúrà sórí àwọn ọmọ yẹn, àmọ́ mi ò kì í ṣáájú wọn nínú àdúrà lórí pápá. Tíìmù tí mo ní báyìí, àwọn ọmọ Kátólíìkì wà níbẹ̀, àwọn Mùsùlùmí wà níbẹ̀, ọmọ Ẹlẹ́rìí Jèhófà wà níbẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé àwọn yẹn kì í bá ẹlẹ́sìn míì gbàdúrà pọ̀ rárá, ọ̀kan wà tí bàbá ẹ̀ ń ṣe ẹ̀sìn ìbílẹ̀, òmíì wà tí wọn ò ṣe ẹ̀sìn kankan nílé wọn. Àdúrà ta ni kí n wá mú níbẹ̀? Tí mo bá mú tèmi, àwọn Kìrìsìtẹ́nì tó wà níbẹ̀ gan-an ò ní gbà tán.

Ohun tá a máa ń ṣe ni pé tí mo bá ti sọ bá a ṣe máa gbá a tán, màá ní "ìṣẹ́jú kan, kálukú." Kò sí ẹni tó máa sọ̀rọ̀. Ẹni tó fẹ́ dìjú á dìjú, ẹni tó fẹ́ la ọwọ́ á la ọwọ́, ẹni tó kàn fẹ́ mí náà á mí. Kápútẹ́nì á wá pariwo orúkọ tíìmù, gbogbo wa á gbè é, ó tán.

Ẹ gbọ́ ìtàn kan tí mo máa ń sọ fún àwọn kóòṣì ẹgbẹ́ mi. Ní Amẹ́ríkà, ní ìlú Bremerton, ìpínlẹ̀ Washington, kóòṣì kan wà tí wọ́n ń pè ní Joseph Kennedy, igbákejì kóòṣì ni nílé ẹ̀kọ́ gírámà, bọ́ọ̀lù wọn yẹn tí wọ́n ń gbé sáré. Tí wọ́n bá gbá a tán, á kúnlẹ̀ láàárín pápá, á gbàdúrà. Òun nìkan ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tó yá àwọn ọmọ ń bá a kúnlẹ̀. Lọ́dún 2015 àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ ní kó dáwọ́ dúró, kò gbà, ọ̀rọ̀ dẹjọ́, ó sì dé ilé ẹjọ́ tó ga jù. Lọ́dún 2022 wọ́n dá a láre, adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta, wọ́n ní àdúrà ti ara ẹ̀ ni, ẹ̀tọ́ ẹ̀ sì ni. Èmi náà gbà pé kóòṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti kúnlẹ̀. Àmọ́ nǹkan kan wà nínú ìwé ẹjọ́ yẹn tí mi ò lè gbàgbé: bàbá kan sọ pé ọmọ òun ò gba Ọlọ́run gbọ́, síbẹ̀ ó ń bá wọn kúnlẹ̀ torí ẹ̀rù ń bà á pé tóun ò bá ṣe é, wọn ò ní máa jẹ́ kóun wọlé gbá bọ́ọ̀lù tó bó ṣe yẹ. Okùn bàtà ọmọ yín náà nìyẹn, mà.

Ṣáájú ìyẹn, lọ́dún 2000, ilé ẹjọ́ kan náà ti ní kí wọ́n má gbàdúrà lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Santa Fe, ní Texas. Ẹ mọ àwọn tó pẹjọ́? Kì í ṣe àwọn tí ò mọ Ọlọ́run o. Ìdílé Kátólíìkì kan àti ìdílé Mormon kan ni, ìyẹn ìjọ kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n sì ní láti fi orúkọ wọn pa mọ́ nílé ẹjọ́ torí ohun tí ará ìlú lè fi ojú àwọn ọmọ wọn rí.

Wíńgà Àtijọ́:
Ẹ má bínú o, èmi ò fara mọ́ ọn tán. Àdúrà ló so àwa mọ́ra nígbà tá à ń gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà kan wọ́n ṣẹ́ ọ̀rẹ́ wa lẹ́sẹ̀ níṣojú wa, a gbọ́ ìró eegun, ọmọ náà ò lè sunkún pàápàá, ó kàn la ẹnu sílẹ̀. Kápútẹ́nì wa Mùsùlùmí ni, ó kúnlẹ̀ tì í, ó ń ké Fátíhà, àwa Kìrìsìtẹ́nì yí wọn ká, à ń ṣe àmín, àwọn tíìmù kejì náà wá bá wa. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Tẹ́ ẹ bá mú àdúrà kúrò lórí pápá, kí lẹ fẹ́ fi dípò ẹ̀? Ká máa dákẹ́ wo ara wa?

Ìyá Gólì:
Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, kì í ṣe díẹ̀. Irú àdúrà yẹn, ọmọ tèmi á ṣe àmín sí i láì wo ẹ̀yìn. Àmọ́ ṣé kóòṣì ló ní kẹ́ ẹ wá? Ṣé ẹni tí ò wá máa lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e?

Ọmọ Básíkẹ́ẹ̀tì:
Tèmi kì í ṣe àdúrà, híjáàbù ni, àmọ́ ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo ti wọṣọ tán, mo ti tréníǹ láti ọjọ́ pípẹ́ fún gémù yẹn, réfírí wá sọ fún kóòṣì wa pé kí n ṣí orí tàbí kí n jókòó. Ó tọ́ka sí orí mi bí ìgbà tí wọ́n ń tọ́ka sí ẹrù tí ò ní olówó. Kóòṣì mi, ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí o, sọ fún un pé tóun ò bá lè lò mí, òun á kọ ọ́ sílẹ̀ pé réfírí ló ní kóun má lò mí, kó sì fọwọ́ sí i. Réfírí ò fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kí n wọlé.

Nígbà yẹn wọ́n ní òfin ni. Ẹ wò ó, àwọn FIFA gan-an ò gbà á tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 2011 wọn ò jẹ́ kí àwọn obìnrin Iran gbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń wá àyè ìdíje Òlíńpíìkì pẹ̀lú Jordan torí ìbòrí, wọ́n sì pàdánù gémù náà láì fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù. Ìgbà tó di 2014 ni wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ti básíkẹ́ẹ̀tì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, 2017 ni FIBA, àjọ básíkẹ́ẹ̀tì àgbáyé, tó gbà á. Lọ́dún 2023, Nouhaila Benzina ti Morocco wọ híjáàbù ẹ̀ wọ pápá ní Wọ́ọ̀dù Kọ́ọ̀pù àwọn obìnrin, mo jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, omijé ń bọ́ lójú mi.

Àti ààwẹ̀ náà, ẹ̀yin kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má mú ọmọ tó ń gbààwẹ̀ sáré nínú oòrùn ọ̀sán kẹ́ ẹ wá ní ọ̀lẹ ni. Ní England lọ́dún 2021, Leicester àti Crystal Palace dá bọ́ọ̀lù dúró díẹ̀ nígbà tí oòrùn wọ̀, gólì dúró kó tó gbá a, kí Fofana àti Kouyaté tí wọ́n ń gbààwẹ̀ lè rí nǹkan fi ṣínu, ó tán, wọ́n ń bá eré lọ. Kò pẹ́ rárá. Táwọn tí wọ́n ń sanwó rẹpẹtẹ fún bá lè ṣe é, àwọn ọmọ kékeré ńkọ́?

Màmá Ìbejì:
Tiwa yí padà ni. Kìrìsìtẹ́nì ni wá, ibi tí àwọn ìbejì mi ti ń lúwẹ̀ẹ́, Mùsùlùmí ló pọ̀ jù, àdúrà Lárúbáwá ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣe dáadáa sí wa o, àmọ́ àwọn ọmọ mi náà máa ń wo ilẹ̀. Mo fi èyí sí i kẹ́nikẹ́ni má bàa rò pé ẹ̀sìn kan là ń bá wí. Ẹni tó bá pọ̀ jù níbì kan kì í mọ̀ pé ohùn òun ló ń bo ti ẹlòmíì mọ́lẹ̀.

Bàbá Sábáàtì:
Ọjọ́ Sátidé ni wàhálà tiwa. Láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ tí oòrùn bá ti wọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, Sábáàtì wa nìyẹn, a kì í ṣeré ìdíje. Ọmọbìnrin mi ń sáré, ó sì lẹ́sẹ̀, àmọ́ ó ti fi ọ̀pọ̀ ìdíje sílẹ̀ torí Sátidé ni gbogbo ẹ̀ ń bọ́ sí. Àwọn èèyàn á sọ fún mi pé "ẹ jẹ́ kó lọ lẹ́ẹ̀kan péré," bí ẹni pé èmi ni mo so ó mọ́lẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló ní òun ò lọ! Mo sọ ìtàn Eric Liddell fún un, ọmọ Scotland tó kọ̀ láti sáré ọgọ́rùn-ún mítà ní Òlíńpíìkì Paris lọ́dún 1924 torí pé ọjọ́ Sọ́ńdè ni wọ́n fẹ́ ṣe ìpele àkọ́kọ́ ẹ̀, tó wá lọ gba wúrà nínú irinwó mítà. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Dádì, òun rí nǹkan míì sá. Èmi ńkọ́?"

Àwọn tó ń ṣètò ìdíje lè ran irú wọn lọ́wọ́ tí wọ́n bá fẹ́. Lọ́dún 2012, ní Texas, ilé ẹ̀kọ́ Júù kan tó ń jẹ́ Beren Academy dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá nínú básíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n wá fi í sí alẹ́ Jímọ̀. Àwọn ọmọ náà ní àwọn ò ní gbá a, torí Sábáàtì tiwọn náà ti bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn. Àwọn aláṣẹ kọ̀ láti yí i padà, àfìgbà tí àwọn òbí gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ ni wọ́n tó fa aago ẹ̀ wá sí ọ̀sán, kí oòrùn tó wọ̀. Wọ́n gbá a, wọ́n jáwé olúborí, fáínà ni wọ́n ti pàdánù. Aago lásán ni gbogbo ẹ̀ jẹ́, ẹ ò rí i?

Kóòṣì Àwọn Kékeré:
Bàbá, òótọ́ lẹ sọ. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá mú ọmọ wá fún mi, mo máa ń béèrè lọ́wọ́ òbí pé ọjọ́ wo lọmọ yín ò lè gbá bọ́ọ̀lù, kí ni ò lè jẹ, ìgbà wo ló ń gbààwẹ̀. Mi ò kì í béèrè "ẹ̀sìn wo lẹ̀ ń ṣe." Òbí tó bá fẹ́ kí n gbàdúrà sókè, mo máa ń sọ fún un pé kó wá tètè dé, kóun àti ọmọ ẹ̀ jọ gbà á nínú mọ́tò, màá dúró dè wọ́n.

Ní báyìí, wọ́n ti fi gémù wa tó ń bọ̀ sí aago méjì ọ̀sán Jímọ̀. Mo ti kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n sún un sí aago mẹ́rin kí àwọn tó ń lọ kírun lè dé. Wọn ò tíì fèsì. Màá tún pè wọ́n láàárọ̀ ọ̀la.