Bíréèkì Peugeot 504 mi ti dá ṣáṣá

Ẹ̀yin ará mi, mo padà wá parí ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín, pé bí mo bá ti fi ọkọ̀ sáré yípo pápá ìdíje lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹsẹ̀ bíréèkì Peugeot 504 mi a máa rì dé ilẹ̀, bí ọkọ̀ náà bá sì sinmi tán, yóò tún le padà.

Ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé ẹ́ńjìnnì tí mo fi kún agbára rẹ̀ ló ju bíréèkì lọ. Epo bíréèkì gan-an ló fà á. Ó ti pẹ́ jù, ó sì ti fa omi inú afẹ́fẹ́ sára. Epo DOT 4 (oríṣi epo bíréèkì kan) tuntun kì í hó kí ó tó gbóná dé 230°C, ó kéré tán, ṣùgbọ́n bí omi bá ti wọ̀ ọ́, ó lè hó ní nǹkan bí 155°C, èéfín tó bá sì jáde nínú epo tó ń hó náà ni ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lásán. Nígbà tí mẹkáníìkì mi ní Iléṣà tú u sínú ìgò, ó dúdú bí àgbo ọjọ́ mẹ́ta.

A pa epo náà dà, a sì fa afẹ́fẹ́ jáde nínú bíréèkì táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní Sátidé, mo yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹwàá, bíréèkì kò yẹ̀ rárá, inú mi sì dùn dé góńgó, nítorí ọkọ̀ tí irú rẹ̀ gba ipò kìíní nínú ìdíje ọkọ̀ Safari Rally ní Kẹ́ńyà ní 1975 yẹ ní ìtọ́jú gidi.

Ẹ̀gbọ́n wa láti Ilé-Ifẹ̀, tó ní kí n wo epo kí n tó ra díìsì ńlá (irin róbótó tí bíréèkì máa ń fún mọ́ra), ẹ ṣeun púpọ̀, sà.