Iná oko ló kọ́ mi lọ́gbọ́n, ẹ̀yin ńkọ́?

Àgbẹ̀ Ìlawẹ̀:
Ẹ̀yin Èkìtì kete, ẹ kú ilé o. Tí wọ́n bá ti dárúkọ àyípadà ojú ọjọ́ lórí rédíò báyìí, ńṣe la máa ń rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó ni, ó sì kàn wọ́n lóòótọ́, àwọn ló da èéfín jù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ tèmi, kẹ́yin náà wá sọ tiyín. Nǹkan kékeré tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín ṣe nípa àyípadà yìí là ń wá o, ẹ má wá ka ìwé ìjọba fún wa.

Oko mi wà lẹ́yìn Ìlawẹ̀, bẹ́ ẹ bá ń lọ sí Ìgbàrà-Odò. Ọdọọdún tí ọyẹ́ bá ti mú, àá ṣánko, koríko á gbẹ, ìṣáná ẹyọ kan ló kù. Bí bàbá mi ṣe ń ṣe é nìyẹn, bí èmi náà ṣe ń ṣe é nìyẹn. Lọ́dún 2021, mo ti ro etí oko yíká kí iná má baà jáde, mo ti sun ún fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, mo wá jókòó sábẹ́ mángòrò mò ń jẹ iṣu sísun, àfi bí atẹ́gùn ṣe yí padà. Imọ̀ ọ̀pẹ kan tó ń jó ló fò, ó fò ni mo wí, ó ré ọ̀nà kọjá, ó bọ́ sínú oko kaṣú màmá àgbà kan témi àti ẹ̀ jọ pààlà. Kí n tó sáré débẹ̀, ó ti ń ta pàrà pàrà. Àwa mẹ́rin là ń fi ewé tútù lù ú títí ojú wa fi pọ́n. Igi kaṣú 21 ló lọ.

Màmá yẹn ò bú mi. Wọ́n kàn ń wo ilẹ̀, wọ́n ní, "Ìgbà tí mo lóyún àbígbẹ̀yìn mi ni mo gbìn wọ́n." Ká ní wọ́n gbá mi létí ni, ì bá dẹrùn.

Látìgbà náà mi ò sunko mọ́. Mo máa ń ṣán koríko, màá tò ó sáàárín poro, màá fi èyí tó kù bo ebè. Ọdún kìíní sú mi, ẹ má jẹ́ ká parọ́, ikán jẹ èèbù, ejò méjì ni mo pa nínú ẹ̀. Ọdún kejì ni òjò kàn dá lójijì lẹ́yìn tá a gbin àgbàdo tán, mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ koríko, ilẹ̀ tutù bí ìdí àmù, ilẹ̀ ẹnìkejì mi tó sun tiẹ̀ sì ti ń là bíi gìgísẹ̀. Ọmọ agric kan ló ṣàlàyé fún mi pé téèyàn bá sun koríko, kábọ́ọ̀nù inú ẹ̀, ìyẹn ohun tó ń di èéfín tó ń mú ayé gbóná, á gòkè lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n tó bá jẹrà síbẹ̀, díẹ̀ nínú ẹ̀ á wọlẹ̀, á di ọ̀rá ilẹ̀.

Ìyá Mọ́ínmọ́ín, Adó:
Ẹ kú ewu iná o. Tèmi ò tó yẹn. Náílọ́ọ̀nù ni mo fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín fún bí ọdún mẹ́fà, torí ó yá, ó sì pọ́ọ́kú. Ọjọ́ kan tí òjò rọ̀, omi wọlé wa dé ìdí bẹ́ẹ̀dì, nígbà tá a kó gọ́tà ẹ̀yìnkùlé, náílọ́ọ̀nù mọ́ínmọ́ín tèmi ló pọ̀ jù níbẹ̀! Mo mọ̀ ọ́n, epo ṣì wà lára ẹ̀. Ojú tì mí. Mo padà sídìí ewé. Ìdí igi ewé tí mo bá gé kúrò, òun náà ni mò ń tẹ́ sísàlẹ̀ ìkòkò kó má baà jó. Àwọn kan ní owó ẹ̀ ti lé, wọ́n lọ, lẹ́yìn oṣù kan wọ́n padà wá ní òórùn ewé ló ń fà wọ́n. Igi ni mo ṣì fi ń dáná o, ẹ má bú mi, gáàsì ti wọ́n jù, ṣùgbọ́n mi ò sun igi tútù mọ́, mo sì ń dé ìkòkò pa, ìtì igi tí mò ń lò ti dínkù.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́:
Màmá, ẹ fi ẹyọ márùn-ún pamọ́ fún mi. Tèmi, gílóòbù ni. Márùn-ún tó ń tàn pupa ló wà nílé wa, watts 60 lọ̀kọ̀ọ̀kan, 300 nìyẹn, jẹnẹrétọ̀ kékeré wa á sì máa han bí ọmọ tí inú ń run. Mo fi LED, gílóòbù tí kì í jẹ iná púpọ̀, watts 9 lọ̀kọ̀ọ̀kan, rọ́pò gbogbo ẹ̀, 45 péré, ó tún mọ́lẹ̀ jù. Epo tá à ń rà ti dínkù gan-an. Ẹnì kan wá sọ fún mi pé lítà epo bẹntiróòlù kan péré, èéfín kábọ́ọ̀nù tó ń jáde lára ẹ̀ lé ní kílò méjì. Mo ní irọ́ ni, epo yẹn fúnra ẹ̀ ò tó kílò kan! Ó ní nígbà tó bá ń jó, á tún gba ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ibẹ̀ ni ìwúwo yẹn ti ń wá. Mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mò ń ṣírò gbogbo jálá tá a ti jó látọdún yìí wá.

Ẹni Tí Ò Gbà:
Ẹ má bínú o, ẹ̀ ń ka gílóòbù, àwọn tó ń kó gẹdú kọjá lóru ńkọ́? Ọkọ̀ ńlá ńlá, ojoojúmọ́, lọ́nà oko wa. Ewé mọ́ínmọ́ín ló máa dá ìyẹn dúró?

Àgbẹ̀ Ìlawẹ̀:
Òótọ́ lẹ sọ, ewé ò lè dá gẹdú dúró. Ẹ bá wa pariwo wọn. Èmi ò ṣáà ní torí wọn gbé ìṣáná mi jáde padà.

Ẹni tó bi mí nínú inbox pé kí ló gbẹ̀yìn màmá oníkaṣú: mo ra irúgbìn, mo bá wọn gbìn ín padà nígbà tí òjò dé, mo ń lọ ro ìdí ẹ̀ láti ìgbà yẹn. 19 ló yè. Ọdún yìí ló so dáadáa, wọ́n fi abọ́ kan ránṣẹ́ sí mi, ọmọ tó gbé e wá ní màmá ní kóun sọ fún mi pé ó ku igi méjì.