Ṣé kí n fá irun ajá Caucasian nítorí ooru?

Ọmọ Kabba:
Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará wa. Akọ Caucasian kan wà lọ́dọ̀ mi ní Kabba, ó ti lé ní ọmọ ọdún kan. Látìgbà tí oòrùn oṣù kẹta ti mú, abẹ́ igi máńgòrò ló ń gbé: á wú ilẹ̀, á dùbúlẹ̀ sínú kòtò náà, á yọ ahọ́n síta, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Oúnjẹ ọ̀sán, kò fẹnu kàn án mọ́. Àwọn ará àdúgbò ní kí n fi kílípà fá a kodoro. Ọkàn mi ò gbà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sin irú rẹ̀ pẹ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Ìyàrá:
Ọ̀kun o, àbúrò. Má fá a, mo bẹ̀ ọ́. Ìpele méjì ni irun ajá yẹn. Ti òkè gùn, ó le, òun ló ń gba oòrùn sára kó má baà dé awọ. Ti abẹ́ rọ̀, ó sì ki, òtútù àwọn òkè Caucasus ló wà fún. Bí o bá fá méjèèjì, oòrùn á máa jó o lára, irun náà sì lè má hù dáadáa mọ́.

Ti abẹ́ yẹn ni kí o máa yọ. Òòyà onírin tí eyín rẹ̀ jìnnà síra ni mo ń lò nírọ̀lẹ́. Màá la irun náà títí màá fi rí awọ, kí n tó máa yà á díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yìn etí, abẹ́ apá àti ẹ̀yìn itan ló máa ń ta kókó jù. Má fi agbára fà á, ìka ni kí o fi tú u. Á máa jáde bí òwú, á kún ọ̀rá. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí gan-an, torí ibẹ̀ ni mo ti ń tètè rí egbò àti eégbọn.

Oúnjẹ ọ̀sán tó kọ̀ yẹn, fi sílẹ̀. Fún un ní kùtùkùtù àti lálẹ́. Bó bá yó, má jẹ́ kó sáré: ikùn ajá ńlá lè wú kó sì lọ́ po, kíákíá nìyẹn ń pa wọ́n.

Bọ̀dá Ìsánlú:
Òótọ́ ni màmá sọ. Ẹ wo àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ náà, eégbọn ń sá síbẹ̀. Bí ìtọ̀ rẹ̀ bá pọ́n, tí èrìgì rẹ̀ sì funfun, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fún un lómi ọbẹ̀ tó ní àlùbọ́sà, ó ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́.

Ọmọ Mopa:
Ẹ̀gbọ́n, bó bá ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, tí itọ́ ẹnu rẹ̀ ń fà, ooru ti wọ̀ ọ́ lára nìyẹn. Ẹ da omi tútù sí i níkùn àti lábẹ́ itan, ẹ tan fáànù sí i, kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má fi aṣọ tútù bò ó, ooru ò ní ráyè jáde.

Ọmọ Kabba:
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti ní kí onígbàjámọ̀ má wá mọ́. Màmá, ṣé mo lè máa wẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́?

Ìyá Ìyàrá:
Rárá o. Bí irun ìpele abẹ́ yẹn bá tutù tí kò gbẹ, awọ á di egbò. Ọjọ́ tí o bá wẹ̀ ẹ́, àárọ̀ ni kó jẹ́, kí o sì yà á títí yóò fi gbẹ dénú. Ní ọjọ́ yòókù, gbé omi sínú ọpọ́n ńlá sábẹ́ máńgòrò yẹn, á ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀.