Báwo la ṣe máa sọ fún dókítà ọsibítù pé oògùn kan lè dín agbára èkejì kù?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kubwa ní Àbújá la wà. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọmú fún àbúrò mi obìnrin. Àyẹ̀wò ní ER pọ́sítíìfù ni (ìyẹn irú jẹjẹrẹ tí họ́mónù estrogen ń bọ́), wọ́n wá fún un ní oògùn tamoxifen 20 mg, èyí tó máa lò lójoojúmọ́ fún ọdún 5, ó kéré tán.

Dókítà jẹjẹrẹ kan wà ní Kàdúná tó ń gba àwọn aláìsàn nímọ̀ràn lórí fóònù, kì í gba kọ́bọ̀. Ọlọ́run á san án fún un. Òun ló ka ìwé àyẹ̀wò yẹn fún wa lédè Yorùbá látòkè délẹ̀, tó yé àbúrò mi pé họ́mónù estrogen ló ń bọ́ jẹjẹrẹ náà, oògùn yìí ló sì ń dí i lọ́nà. Èrò tó máa ń pọ̀ ní ọsibítù kì í jẹ́ káwọn dókítà ibẹ̀ ráyè ìyẹn.

Ibi tó ti wá dojú rú rè é. Ní ọsibítù, wọ́n tún fún un ní oògùn paroxetine nítorí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Dókítà Kàdúná ní ó lè dín agbára tamoxifen kù, àmọ́: “Mi ò tíì fojú kàn yín rí. Ẹ má dá oògùn kankan dúró fúnra yín, ẹ lọ sọ fún dókítà yín.”

Àbúrò mi kọ̀ jálẹ̀, ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n á bínú. Èmi ò gbà; ara ẹ̀ la ń sọ, kì í ṣe iyì dókítà kankan.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin apòògùn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́jú aláìsàn: ṣé ká ní kí dókítà Kàdúná kọ lẹ́tà ni, àbí kí n tẹ̀lé àbúrò mi wọlé lọ́dọ̀ dókítà ọsibítù kí n béèrè? Ọjọ́bọ̀ la ń lọ.